Ilé Ọlọ́gbọ́n ní Niamey: Bí Ọmọ tí à ń Rán Níṣẹ́ Bá Lọ Sílé-ìwé

Ilé ọlọ́gbọ́n kì í ṣe ohun tuntun ní Niamey. Ó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó gbé wáyà iná dé ìlú náà, ọmọ ni orúkọ rẹ̀. Arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ a jókòó sórí ẹní lábẹ́ ìbòòji, a pe orúkọ kan ṣoṣo, ọmọ a sì sáré yọ. "Lọ bu omi wá fún mi. Bá mi pa iná yàrá. Ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń kanlẹ̀kùn yẹn. Wá fà mí dìde, mo fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé." Gbogbo ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn ènìyàn ṣe lónìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ṣe é ní àdúgbò Boukoki àti Gamkallé láìlo bátìrì. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní ìlú náà kò lè pè é ní àjèjì, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìbàdàn àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà nìyẹn.

Àmọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́ran-ara yìí ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ní láti lọ sílé-ìwé, èyí tó sì ti dàgbà nínú wọn ti bá iṣẹ́ lọ sí Nàìjíríà, sí Abidjan, sí Algeria tàbí Libya. Ní orílẹ̀-èdè Niger, nǹkan bí ìdajì àwọn ará ìlú ni kò tíì pé ọdún 15, àwọn tó sì ti lé ní 65 kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí èyí, bí ìjọba bá jókòó láti ṣètò, ètò ọmọdé ni wọn yóò ṣe: ilé-ìwé, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ilé ìgbẹ̀bí. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí fún ìyẹn. Ní ti arúgbó àti aláàbọ̀ ara, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni lóòótọ́, àfi pé ìdílé ọ̀hún ti fọ́n ká.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun Niamey ju bó ti ń dun àwọn ìlú mìíràn lọ. Odò Ọya ló gba inú ìlú náà kọjá, odò ọ̀hún tí ó ṣe oore omi àti ẹja fún wọn náà ló sì bí eṣinṣin kékeré tí ń jẹni, tí í máa ń gbin kòkòrò àrùn sí ara títí yóò fi dé ojú. Àrùn ìfọ́jú odò ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1974 ni àwọn orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Niger wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ìjà àjùmọ̀jà pẹ̀lú rẹ̀. Láti 1976 sí 1989 ni wọ́n fi ń da oògùn sínú omi láti pa ọmọ eṣinṣin náà ní Niger. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pín oògùn jíjẹ fún àwọn ará abúlé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Niger ti borí àrùn náà, òun sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ojú tí àrùn yìí bá ti fọ́ kì í là mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pàdánù ojú rẹ̀ ní ẹni ọdún 35 ní 1985 ti di baba ẹni ọdún 75 nígbà tí wọ́n ń ka ìkéde náà lórí rédíò. Ẹni tó bá ti rìn ní Sábó Ìbàdàn, tàbí tó ti kọjá lábẹ́ afárá kan ní Èkó, ti rí irú baba bẹ́ẹ̀ rí: ó di orí ọ̀pá kan mú, ọmọ kékeré di orí kejì mú, ọmọ ń lọ níwájú, baba ń tẹ̀lé e. Ọmọ náà ni ojú baba. Bí baba bá fẹ́ jáde, ọmọ kò ní lọ sílé-ìwé. Bí ọmọ bá lọ sílé-ìwé, baba yóò jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yí. Ẹnì kan ló ń san owó ìrìn ẹnì kejì, ìwé sì ni ọmọ fi ń san án. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó lè ran arúgbó àti aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ nínú ilé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, gbèsè yìí ló yẹ kí ẹ̀rọ náà wá san.

Àwọn kan rò pé ìmẹ́lẹ́ olówó ló bí ilé ọlọ́gbọ́n, pé ẹni tí kò fẹ́ dìde lórí àga ló pilẹ̀ rẹ̀. Wọn kò mọ ìtàn rẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Reg Maling ṣe ẹ̀rọ kan fún àwọn tí wọn kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni aláìsàn yóò fi sẹ́nu. Bí ó bá fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ tàbí tí ó fà á, iná yóò tàn, aago yóò dún, tẹlifóònù yóò ṣí, ó tilẹ̀ lè fi tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. POSSUM ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà. Ní èdè Látìnì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "mo lè ṣe é." Ó lé ní 50 ọdún lẹ́yìn náà kí Amazon tó gbé ẹ̀rọ Echo rẹ̀ jáde ní 2014, tí àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn pé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún gílóòbù iná.

Ìtàn yìí ní ohun tó ń kọ́ni. Maling bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ, ó bi í léèrè ohun tó ṣẹ́kù tí ó lè ṣe, èémí ni ó sì bá níbẹ̀. Lónìí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí padà. Ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ mú ni wọ́n ń ṣe nǹkan fún, wọn a wá rọ àgbà pé kí ó bá wọn wá bí òun yóò ṣe lò ó. Ìyẹn ló fà á tí fóònù gíláàsì fi ń kọ ìka àgbẹ̀. Ọwọ́ tó ti fi ọkọ́ ro oko fún 50 ọdún ti yi, ó ti gbẹ, gíláàsì kì í sì í tètè mọ̀ pé ènìyàn fọwọ́ kan òun. Àgbà náà yóò tẹ̀ ẹ́ títí, yóò sì rò pé òun ni kò mọ̀wé.

Ohun kejì ni iná. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum ní Niamey. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ ECOWAS, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ń ṣe alága rẹ̀ nígbà náà, fi ìjẹníyà lé Niger lórí, Nàìjíríà sì gé iná tó ń fún wọn. Kì í ṣe iná kékeré. Nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò ló ń ti Nàìjíríà wá, wáyà ńlá láti Birnin Kebbi ló sì ń gbé e lọ sí Niamey. Àdéhùn àtijọ́ ló wà nídìí rẹ̀: kí Niger má ṣe dí Odò Ọya lókè, kí omi lè máa dé Kainji, kí Nàìjíríà sì máa tà wọ́n ní iná. Òṣìṣẹ́ NIGELEC kò ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó máa pín ìyókù láti àdúgbò dé àdúgbò. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni ìlú fi ń wà lókùnkùn. Oṣù kejì ọdún 2024 ni ECOWAS tó ká ìjẹníyà kúrò. Àwọn tó ṣe ìpinnu yẹn ní Àbújá ní ìdí tiwọn. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ní Niamey kò sí nínú ìdí náà.

Ká ní ọmọ kan tó wà ní òkè òkun ti ra ilẹ̀kùn tó ń fi iná ṣí fún baba rẹ̀ tó wà lórí kẹ̀kẹ́, tó ra fèrèsé tó ń fi iná padé, tó sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé náà ì bá ti di túbú fún baba. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ ilé fún àwọn aláìlágbára ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé bí iná bá lọ, kí nǹkan náà padà sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Kí ilẹ̀kùn ṣí bí wọ́n bá tì í. Kí ẹ̀rọ omi ní ọwọ́ tí wọ́n lè fi yí i. Ẹni tó ń tà á ní òyìnbó kò ní rántí rẹ̀, nítorí iná kì í lọ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Fáànù kì í sì í ṣe ohun afẹ́ ní Niamey. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, oòrùn ibẹ̀ a máa ti ooru kọjá 42 lórí òṣùwọ̀n, òru kì í sì í tù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2024, ooru gbígbóná jà ní gbogbo ilẹ̀ Sàhẹ́lì. Ní Kayes, ní Mali, ó dé 48.5. Ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako ròyìn ikú 102 láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì ti lé ní 60 ọdún. Iná sì ń lọ ṣéẹ́ṣéẹ́ lásìkò náà. Ara àgbà kì í làágùn dáadáa mọ́, òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ ẹ́ bó bá tilẹ̀ ń gbẹ. Arúgbó tí kò lè dìde lọ tan fáànù, tí kò sì sí ọmọ nílé tí yóò bá a bu omi, inú ewu ló wà láti aago méjìlá títí di aago mẹ́rin.

Oòrùn tó ń pani náà ló lè tan fáànù yìí, èyí kò sì yẹ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ará Niamey. Ọmọ Niger ni Abdou Moumouni, tí wọ́n bí ní Tessaoua ní 1929, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi ayé rẹ̀ wá ọ̀nà láti mú agbára oòrùn ṣiṣẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti 1969 ló ti ń darí ONERSOL, ilé-iṣẹ́ ìwádìí agbára oòrùn ní Niamey, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbé omi kaná. Ní 1968 pàápàá, wọ́n ti fi oòrùn tan tẹlifíṣọ̀n ilé-ìwé ní Niger, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ sólà. Abdou Moumouni kú ní 1991, yunifásítì ìlú náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan, bátìrì kan àti fáànù oníbátìrì tó ń wà lórí tábìlì kò wọ́n ju agbára ìdílé tó bá dá owó jọ lọ. Ìṣòro tó kù ni bí ẹni tí kò lè rìn, tàbí tí kò ríran, yóò ṣe máa pàṣẹ fún un.

Ọmọ Niger mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé ló ní lọ́kàn. Abdou Maman Kané, ẹnjiníà tó dá ilé-iṣẹ́ Tech-Innov sílẹ̀ ní Niamey, ṣe ohun tó pè ní Télé-Irrigation. Àgbẹ̀ tó ń gbin tòmátò àti àlùbọ́sà a máa rìn lọ rìn bọ̀ lójoojúmọ́ nítorí àtitan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Kané so ẹ̀rọ omi náà mọ́ àpótí kan tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, àgbẹ̀ sì lè jókòó sílé kí ó fi fóònù tàn án tàbí pa á. Kò béèrè fóònù olówó ńlá. Kékeré onítẹ̀ẹ́tẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ní náà tó.

Bí ọgbọ́n yìí bá lè gbọ́ràn sí àgbẹ̀ lẹ́nu láti ọ̀nà jíjìn, kò sí ìdí tí kò fi lè gbọ́ràn sí arúgbó láti orí ibùsùn. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ju báyìí lọ: káàdì SIM wà nínú àpótí, ìpè wọlé, àpótí yẹ nọ́ńbà náà wò bóyá ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣí súwìṣì tàbí kí ó pa á. Wọ́n lè ṣe é kí ó má gbé ìpè náà rárá, kí ó jẹ́ pé bí fóònù bá ti dún lẹ́ẹ̀mejì, fáànù ti yí. Fílááṣì lásán ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìtẹ̀ 1 lè jẹ́ fáànù, ìtẹ̀ 2 gílóòbù, ìtẹ̀ 3 aago tí yóò dún ní ojúlé aládùúgbò. Afọ́jú pàápàá lè lò ó, nítorí àárín fóònù onítẹ̀ẹ́tẹ̀, lórí 5, ni ẹ̀gún kékeré kan wà tí ìka fi ń mọ ibi tí ó wà, ibẹ̀ ni yóò ti ka ìyókù. Ẹ̀gún yẹn wúlò fún àgbà ní Niamey ju fóònù gíláàsì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún lọ.

Bí ẹ̀rọ bá ní láti sọ̀rọ̀, èdè wo ni yóò sọ? Àwọn ẹ̀rọ olóhùn tó gbajúmọ̀ lágbàáyé, bíi Alexa àti Siri, kò gbọ́ Hausa, kò gbọ́ Zarma, kò sì gbọ́ Yorùbá. Ìyá arúgbó tó bá fẹ́ kí iná tàn yóò kọ́kọ́ kọ́ Faransé. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìwé òfin tuntun tí àwọn ṣọ́jà Niger gbé jáde sọ Hausa di èdè orílẹ̀-èdè, Faransé sì di èdè iṣẹ́ lásán pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn dára lórí ìwé, ẹ̀rọ kò sì tíì gbọ́. Ti Yorùbá tilẹ̀ nira díẹ̀ sí i, nítorí ẹ̀rọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá, igba àti ìgbà yóò gbé nǹkan mìíràn fún ìyá. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ẹ̀rọ bá gbọ́ èdè kó tó sọ ọ́. Wọ́n lè gba ohùn ọmọ-ọmọ sínú àpótí náà ní Zarma: "Fáànù ti tàn, Ìyá. Ẹ rántí mu omi." Ìyẹn kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ.

Àwọn tó ń sọ pé àgbà kò lè kọ́ ẹ̀rọ kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Niger náà ní 2009. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jenny Aker láti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àjọ Catholic Relief Services, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi fóònù alágbèéká kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní ẹkùn Dosso àti Zinder. Abúlé 113 ló kópa. Hausa àti Zarma ni wọ́n fi kọ́ wọn. Àwọn tó lo fóònù mọ̀wé ju àwọn tó lo pátákó nìkan lọ. Ohun tó ń lé àgbà sá fún ẹ̀rọ ni kí wọ́n máa fi í ṣẹ̀sín níwájú ọmọ.

Ó kù díẹ̀ tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, ibẹ̀ ló sì ti yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ. Iyanrìn ló kún àgbàlá ilé ní Niamey, táyà kẹ̀kẹ́ a sì rì sínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá ní ìpèkun sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń dí omi òjò, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè gun ún. Ṣáláńgá jẹ́ ti ìlóṣòó, orúnkún àgbà kò sì lè lóṣòó. Káfíńtà tó bá lu àga ihò kan, bíríkìlà tó bá da sìmẹ́ńtì tó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, àti jórinjórin tó bá jó páìpù mọ́ ògiri fún dídìmú, iṣẹ́ mẹ́ta yìí ni ìpìlẹ̀ ilé ọlọ́gbọ́n. Àwọn jórinjórin wọ̀nyí mọ iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ń fi ọwọ́ wà káàkiri ìlú.

Òfin wà, bí ó bá jẹ́ ti òfin. Niger fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2008, Nàìjíríà ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ti ìjọba àpapọ̀, tó fún àwọn onílé ìlò gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì ìjọba lónìí yóò ka àtẹ̀gùn tó kù fúnra rẹ̀. Òfin wọ̀nyí sì ń wo báńkì, ọ́fíìsì àti ilé ẹjọ́. Yàrá tí arúgbó ti ń lo wákàtí 20 nínú 24 kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni ń yẹ̀ wò.

Ewu kan ṣẹ́kù tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń fi ìfẹ́ dá sílẹ̀. Wọn a ra kámẹ́rà, wọn a so ó mọ́ kọ̀rọ̀ yàrá ìyá wọn, wọn a sì máa wò ó láti London tàbí láti Houston. Wọn kò ní bi ìyá léèrè. Ìyá ń pa aṣọ dà, ìyá ń gbàdúrà, ìyá ń sunkún ohun tí kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀, gbogbo rẹ̀ wà lójú fóònù ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ tí kì í wọ yàrá ìyá rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn nígbà tó wà nílé ti wá ń gbé inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí kámẹ́rà bá di dandan, ọwọ́ ìyá ló yẹ kí súwìṣì rẹ̀ wà, kí ó pa á nígbà tó bá wù ú láìwí ìdí. Ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ wà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, tí kì í ya àwòrán, tó kàn ń mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ṣí. Bí ilẹ̀kùn yàrá ìyá kò bá ṣí di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí ó pe fóònù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó pè ni ti aládùúgbò tó wà ní ojúlé kejì. Ti London lè ṣìkejì.